Ọmọ tó sanra jù: bí a ṣe lè ràn án lọ́wọ́ láìfi ebi pa á, láì dójú tì í

Òkun o, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ọmọ ọmọ wà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó sanra ju bó ṣe yẹ lọ ni mo fẹ́ sọ, torí mo rí i pé nílẹ̀ Òkun wa níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà dé Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, ohun méjì péré ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n ṣe. Àkọ́kọ́, a ó máa yin ọmọ pé ara ẹ̀ ń dán, ìyá ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá wá sọ pé ó ti pọ̀ jù, a ó yára gba abọ́ iyán lọ́wọ́ ẹ̀, a ó sì máa pè é ní òròbó. Kò sí èyí tó ran ọmọ lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí gbogbo ilé yí bí wọ́n ṣe ń jẹun padà pa pọ̀, kó má jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo làwọn tó kù ń ṣọ́ ẹnu ẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Ojú lásán máa ń tan èèyàn, pàápàá nílé tí gbogbo àgbà ibẹ̀ ti tóbi. Ẹ mú ọmọ lọ sí hẹ́lúsì sẹ́ńtà tó sún mọ́ yín, kí wọ́n wọn kílò ẹ̀, kí wọ́n sì wọn gíga ẹ̀ láìwọ bàtà. Wọ́n á pín kílò yẹn sí gíga ẹ̀ ní mítà, wọ́n á tún fi gíga kan náà pín èsì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tó bá jáde ni wọ́n ń pè ní BMI. Ẹ wá fara balẹ̀ síbi tí mò ń lọ yìí o, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í: àtẹ BMI tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ọsibítù, tó ní 18.5 sí 24.9 ló dáa, ti àgbà ni. Ti ọmọdé yàtọ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ ni wọ́n ń wò, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 9 kan tó wọn kílò 40, tó ga ní mítà 1.30. BMI ẹ̀ á jẹ́ 23.7. Lójú àtẹ àgbà, kò sí nǹkan tó ṣe é rárá. Àmọ́ lórí àtẹ tí WHO, ìyẹn àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2007 fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 19, ọkùnrin ọmọ ọdún 9 tí tiẹ̀ ti ju bíi 20.5 lọ, tàbí obìnrin tí tiẹ̀ ti ju bíi 21.5 lọ, ti sanra dé ibi tó ti lè ṣe é ní jàǹbá. Nítorí náà ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé àtẹ ọmọdé lẹ fẹ́ kó fi wò ó.

Ẹ má jẹ́ kí èsì yẹn já yín láyà, torí ọmọ ṣì ń ga, àgbà ni ò ga mọ́. Tọ́mọ ọdún 9 yẹn ò bá fi kílò kankan kún un fún ọdún kan, tó sì ga dé mítà 1.36, BMI ẹ̀ á wálẹ̀ sí 21.6, bẹ́ẹ̀ kò rù rárá. Ohun tá a ń wá fún ọ̀pọ̀ ọmọ nìyẹn, kí kílò dúró díẹ̀ kí gíga lè bá a. Ìdí nìyẹn tí kò fi sídìí láti febi pa ọmọ. Èyí tí tiẹ̀ bá ti pọ̀ gan, tàbí tó ti ń fa àìsàn, dókítà ló máa sọ bóyá kí kílò wálẹ̀ àti bó ṣe máa wálẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá o, ẹ má dín nǹkan kan kù fún un láìjẹ́ pé dókítà ló ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àti àwọn tíì tí wọ́n ní ó ń fọ inú, àgbo tó ń jo ọ̀rá, oògùn tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fún ọmọ ní ìkankan nínú wọn. Ìgbẹ́ gbuuru ni púpọ̀ nínú wọn ń fà, omi ara ló ń lọ, ọ̀rá ò kúrò níbì kankan.

Ẹnu àwọn ará ilé

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ pe gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé, láìsí ọmọ yẹn níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fòfin de òròbó, àgbá, ẹlẹ́ran púpọ̀, gbogbo orúkọ tó fara pẹ́ ẹ. Àti eléyìí tí wọ́n ń fi ṣeré o. Ọmọ tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ á rẹ́rìn-ín lójú yín, á sì wọ yàrá lọ jẹ bísíkíìtì níbi tẹ́nì kankan ò ti rí i, torí ìtìjú kì í dín oúnjẹ ọmọ kù, ńṣe ló máa ń fi kún un. Inú mi máa ń bà jẹ́ gan tí mo bá gbọ́ tí àgbàlagbà ń pe ọmọ ọdún 7 tàbí 8 lórúkọ yìí lójú ọ̀nà, tí gbogbo èèyàn wá ń rẹ́rìn-ín, kí wá lọmọ yẹn fẹ́ fèsì? Ẹ sọ fún wọn pé orúkọ tẹ́ ẹ sọ ọ́ ni kí wọ́n máa pè é.

Ẹ wá bá ọmọ fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin méjèèjì nìkan, bóyá níbi tẹ́ ẹ ti jọ ń bó ẹ̀gúsí tàbí tẹ́ ẹ ń bọ̀ lọ́nà oko. Ẹ má sọ̀rọ̀ kílò, ẹ sọ ti agbára. Ẹ lè ní: "Ọmọ mi, mo fẹ́ kí ara gbogbo wa le sí i nínú ilé yìí. Èmi gan-an máa ń mí hẹlẹhẹlẹ tí mo bá gun òkè. Kí lo rò pé ká kọ́kọ́ yí padà?" Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀. Ohun tọ́mọ bá fẹnu ara ẹ̀ mú, kódà tó bá kéré, ó máa ṣe é ju ohun tẹ́ ẹ pàṣẹ lọ. Ẹ tún bi í bóyá ẹnì kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní skúùlù, tó bá sọ orúkọ ẹni náà, ẹ lọ rí tíṣà ní jẹ́jẹ́, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ọmọ yín ló lọ fẹjọ́ sùn.

Nǹkan kékeré kan wà táwọn èèyàn kì í rántí, aṣọ ni. Yúnífọ́ọ̀mù tó ti fún mọ́ ọn lára, tí bọ́tìnì ń já lójú ẹgbẹ́ ẹ̀, ìyà ojoojúmọ́ ni. Ẹ rán èyí tó bá a mu báyìí, ẹ má sọ pé ẹ ń dúró kó rù ná. Tẹ́ ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ télọ̀, ẹ ní kó wọ̀n ọ́n nínú ilé, kó má máa pariwo nọ́ńbà fún ẹni tó ń bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá àgbà ńkọ́? Ẹ ò lè bá màmá yín jà lórí oúnjẹ, ẹ má dán an wò. Lójú tiwọn, ọmọ tó jẹun yó ni ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn, púpọ̀ nínú wọn sì ti rí ìgbà tí oúnjẹ ò sí. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ dúpẹ́ pé wọ́n ń bá yín tọ́jú ọmọ, kẹ́ ẹ wá sọ pé: "Màmá, orúnkún ló ń dùn ún tó bá sáré, wọ́n ní ká ràn án lọ́wọ́. Ẹ bá wa fi ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀ ẹ̀, ẹ má ra mínírà fún un mọ́, ìyókù ọwọ́ yín ló wà." Ẹ fún wọn níṣẹ́ ṣe nínú ẹ̀. Ìyá àgbà tó bá ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń já ẹ̀fọ́ àti bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì, ìfẹ́ yẹn náà ni wọ́n ń fi hàn, kò sì sí súgà nínú ẹ̀.

Ohun mímu lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀

Tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo lẹ lè ṣe lóṣù àkọ́kọ́, ohun mímu ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ yí igò mínírà sẹ́yìn, ẹ wo iye gíráàmù súgà tí wọ́n kọ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, ọ̀pọ̀ ìgbà ti 100ml ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe ti odindi igò, tó bá jẹ́ igò 50cl ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún. Ẹ wá fi 4 pín in, torí ṣíbí tíì kan súgà jẹ́ bíi gíráàmù 4. Mínírà tó ní gíráàmù 10 nínú 100ml, ṣíbí méjìlá àtààbọ̀ ló wà nínú igò 50cl ẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ pé kí súgà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu ọmọ má ju gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, ìyẹn ni pé ìlàjì igò yẹn ti gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í yó ọmọ, á mu ún tán, á tún jẹun bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má gbà á lójijì, bí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, ẹ sọ ọ́ di méjì, kó di ẹyọ kan lọ́jọ́ Sunday, kó wá di ti ọjọ́ ọdún. Ẹ má rà á pamọ́ sílé rárá, torí ohun tó wà nínú fúríìjì ni ọmọ máa béèrè. Júùsì inú páálí náà, ọ̀kan náà ni. Sóbò tí ẹ̀ ń sè nílé, ẹ fi atalẹ̀ àti èèpo ọ̀pẹ̀òyìnbó sè é, ẹ máa dín súgà ẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ahọ́n á mọ́ ọn lára. Kúnú bákan náà. Milo àti Bournvita ti ní súgà tiwọn tẹ́lẹ̀, ẹ má tún fi súgà lé e. Omi lohun tó yẹ kó wà lórí tábìlì, kí ọmọ ní ike omi tiẹ̀ tó máa gbé lọ skúùlù.

Iyán, ọbẹ̀ àti abọ́

Mi ò ní sọ fún ọmọ Òkun pé kó má jẹ iyán mọ́, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òun. Iyán ò ṣe wá ní nǹkan kan. Ibi tí wàhálà wà ni bó ṣe pọ̀ tó, ohun tá a fi ń jẹ ẹ́, àti bá a ṣe ń jẹ ẹ́.

Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ ọmọ fúnra ẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kó di ọwọ́, òkèlè gbogbo tó máa jẹ kó tó ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀ kan àti díẹ̀ lórí ẹ̀, ti ẹ̀bà àti àmàlà náà bẹ́ẹ̀. Àti ẹ̀ṣẹ́ ọmọ o, kì í ṣe ti bàbá ẹ̀! Tí abọ́ bá wá dà bíi pé ó ṣófo, ẹ̀fọ́ lẹ máa fi kún un. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro tí wọ́n fọ̀ dáadáa, ewédú, ilá, gbogbo ẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wa, àwọn kan ò tiẹ̀ fi owó rà á. Ìdajì abọ́ kó jẹ́ ẹ̀fọ́, ìdá mẹ́rin kan òkèlè tàbí ìrẹsì, ìdá mẹ́rin kan ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà. Ẹja tó ń ti odò Lọ́kọ́ja wá dáa gan, ẹ sè é tàbí kẹ́ ẹ yan án, ẹ má dín in nínú epo. Wàrà táwọn ìyá Fúlàní ń kiri náà, ẹ fi sínú ọbẹ̀ láìdín.

Epo wá ńkọ́. Ṣíbí ìjẹun kan epo, ì báà jẹ́ epo pupa, òróró tàbí èyí tí wọ́n ń kó ti òkè òkun wá, ó tó bíi kálórì 120, gbogbo wọn ò yàtọ̀ síra lórí ìyẹn. Ẹni tó ń da epo láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì ò lè mọ iye tó dà. Ẹ fi ṣíbí sínú kíṣìn, kẹ́ ẹ máa ka epo tó ń wọ ìkòkò, tó bá jẹ́ ṣíbí mẹ́wàá lẹ ti ń dà tẹ́lẹ̀ láìmọ̀, ẹ sọ ọ́ di méje, kó wá di márùn-ún. Gbogbo ilé ló máa jẹ ọbẹ̀ yẹn, ẹ má se ọ̀tọ̀ fún ọmọ.

Bí a ṣe ń jẹun ló ṣòro jù láti yí padà. Nílé tí ọmọ mẹ́rin ti ń jẹun nínú abọ́ kan, ìdíje ni, ẹni tó bá yára ló máa yó, ọmọ á sì ti gbé nǹkan tó pọ̀ mì kí inú ẹ̀ tó mọ̀ pé òun ti yó. Ó máa ń tó bí ogún ìṣẹ́jú kí ọpọlọ tó gbọ́ pé ikùn ti kún. Ẹ bu oúnjẹ kálukú sábọ́ tiẹ̀ nínú kíṣìn, ẹ má gbé ìkòkò wá sáàárín. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, kí fóònù ó kúrò níbẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń jẹun. Tó bá béèrè àfikún, ẹ ní kó dúró díẹ̀, kó mu omi, tí ebi bá ṣì ń pa á lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bu ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà fún un, ẹ má bínú sí i. Ẹ sì jẹ́ ká jáwọ́ nínú "jẹ ẹ́ tán, àwọn kan ò rí i jẹ." Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́, oúnjẹ wọ́n, àmọ́ ọmọ tá a bá ti kọ́ pé kó máa jẹ kọjá yíyó, bí a ṣe máa kọ́ ọ padà máa pẹ́. Ẹ bù ú kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní ṣòfò.

Láàárọ̀, ẹ má jẹ́ kó jáde láìjẹun, torí á fi owó ẹ̀ ra púfúpúfù méjì mẹ́ta kí ìsinmi ráńpẹ́ tó dé. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ògì pẹ̀lú ẹ̀wà, iṣu sísè mélòó kan pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyin tó kún fún tòmátò àti ẹ̀fọ́, gbogbo ẹ̀ máa gbé e dọ̀sán. Ìndómì páálí méjì pẹ̀lú búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀, iyọ̀ àti ọ̀rá ẹ̀ pọ̀ jù, tẹ́ ẹ bá máa sè é, kó jẹ́ páálí kan, ẹ da ìlàjì sísínnì ẹ̀ nù, ẹ gé kárọ́ọ̀tì àti ẹ̀fọ́ sí i, ẹ fọ́ ẹyin sí i.

Sínú báàgì skúùlù, ohun tó bá wà lásìkò: ọsàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, máńgòrò tó bá ti pọ́n, àgbàdo sísè tójò bá ti dé. Èso káṣú tí gbogbo oko wa kún fún dáa fún ọmọ, fítámì C inú ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kóró ẹ̀ tí wọ́n yan, ọ̀rá inú ẹ̀ pọ̀, ìwọ̀nba ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé kan ti tó, ẹ̀pà náà bẹ́ẹ̀. Bísíkíìtì àti súwíìtì, ẹ má fi san ẹ̀san fún ọmọ pé ó ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Ẹ ra bọ́ọ̀lù, ẹ ra rìbọ́nù, ẹ jẹ́ kó yan ibi tí gbogbo yín máa rìn lọ.

Eré àti oorun

WHO ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara ẹ̀ fún wákàtí kan, ó kéré tán, lójoojúmọ́, kó mí sókè díẹ̀. Kò ní láti jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Rírìn lọ skúùlù tó bá sún mọ́, pípọn omi, títẹ̀lé bàbá ẹ̀ lọ sóko lọ́jọ́ Sátidé, bọ́ọ̀lù, súwè, ten-ten, fífo okùn, ijó nínú pálọ̀ nígbà òjò, gbogbo ẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Ọmọ tó sanra kì í fẹ́ sáré láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀ torí ó mọ̀ pé òun máa gbẹ̀yìn, nítorí náà ẹ má fi ìdíje bẹ̀rẹ̀. Kí bàbá tàbí ìyá bá a rìn nírọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹ ò ní mọ ohun tí ọmọ máa sọ fún yín lójú ọ̀nà yẹn.

Oorun táwọn èèyàn ò kà sí, ó wà nínú ẹ̀ o. Ọmọ tí kò sùn tó, ebi máa ń pa á sí i lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ọdún 6 sí 12 yẹ kó sùn wákàtí 9 sí 12, ọmọ ọdún 13 sí 18 wákàtí 8 sí 10. Fóònù ò gbọ́dọ̀ bá a wọ yàrá.

Ọdún àti àríyá

Kérésì, Àjíǹde, ìgbéyàwó, ẹ jẹ́ kó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù bí àwọn yòókù. Ẹ fún un ní nǹkan jẹ kẹ́ ẹ tó jáde kó má débẹ̀ pẹ̀lú ebi, ẹ jẹ́ kó mu nǹkan mímu dídùn kan ṣoṣo, ẹ má sì bá a wí lójú èrò. Lọ́jọ́ kejì ẹ padà sórí ètò yín, ẹ má ní kó gbààwẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ tètè rí dókítà

Ẹ má dúró tọ́mọ bá ń han-run lóru tí mímí ẹ̀ ń dá dúró díẹ̀ kó tó tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ń sùn ní kíláàsì. Tó bá ń mu omi ṣáá, tó ń tọ̀ ṣáá, kódà tó tún ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n yẹ súgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Tí ẹ̀yìn ọrùn tàbí abíyá ẹ̀ bá dúdú tó nípọn, tí ẹ fọ̀ ọ́ tí kò lọ, ìdọ̀tí kọ́ o, ẹ má fi kànìnkànìn ha á, ó lè jẹ́ àmì pé ara ẹ̀ ò lo súgà dáadáa mọ́. Tó bá ń tiro tàbí tí ìbàdí ń dùn ún, ẹ má jẹ́ kó rìn púpọ̀ kí wọ́n tó wò ó. Ọmọ tó ń sanra àmọ́ tí kò ga, ó yẹ kí wọ́n wádìí họ́mónù ẹ̀. Èyí tó ń dá wà, tí kò fẹ́ lọ skúùlù, tó ń sọ pé òun ò wúlò, òun náà nílò dókítà, kì í ṣe àdúrà nìkan.

ECWA Hospital wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ọsibítù ìjọba wà ní Kàbà, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Lọ́kọ́ja fún èyí tó bá lágbára. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ kọ kílò àti gíga ẹ̀ sí dání, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ti tó láti máa wọ̀n ọ́n, ẹ má wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ẹ kọ ohun tó ń jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ láì fi ọ̀kan pamọ́, àti orúkọ gbogbo oògùn tó ń lò, torí àwọn oògùn kan wà tó máa ń mú ọmọ sanra, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa wọn. Ẹ má fúnra yín dá oògùn yẹn dúró kẹ́ ẹ tó débẹ̀ o.